Ère Bàbá Abibat ní Japara

Nígbà tí wọ́n fa aṣọ kúrò lójú ère náà nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Abibat nìkan ni kò dá ẹni tó ń wò mọ̀. Ọkùnrin tó dúró lórí òkúta yẹn ò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ kéwì. Fọ́tò àtijọ́ kan ni Mùbàṣírù, oníṣọ̀nà tó mọ ère náà, wò mọ ọ́n.

"Àbí bàbá yín kọ́ nìyí?" Ọ̀gbẹ́ni Adémúyìwá, alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò ère náà, bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Àwọn ni, sà," Abibat dáhùn. Kí ni ì bá tún sọ?

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Bashiru, ni akéwì tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń gbọ́ lórí rédíò láyé ìgbà kan. Abibat náà mọ ohùn yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ó ti ń gbàgbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Bàbá. Ó mú apá ọ̀tún, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà yẹn, Abibat ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kì í sì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní iṣẹ́ ò jẹ́ káwọn ráyè. Ló bá ti ṣọ́ọ̀bù, ó padà sílé. Ó ní fúngbà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún. Òun ló ń wẹ Bàbá, òun ló ń fi ṣíbí bu ìkọ́kọrẹ́ sí i lẹ́nu, òun ló ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ọkùnrin tó fẹ́ fi í ṣaya dúró dè é títí, ó sú u, ó lọ.

Bàbá kú tán, ère ò jẹ́ kí Abibat sinmi. Bí àwọn olùkọ́ bá kó ọmọ ilé ìwé wá wò ó, ilé Abibat ni wọ́n á yà sí. Bí àwọn oníròyìn bá dé, wọ́n á ní kó dúró ti ère, kó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ké díẹ̀ nínú ewì wọn fún wa, mà."

Á ní ọ̀fun ń dun òun. Kò rántí ewì kankan mọ́. Orúkọ oògùn ló kún orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́ tíṣà kan tó ń jẹ́ Ẹ̀ríolúwa bi í pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe kí àìsàn Bàbá tó dé?"

"Mo ń ránṣọ." Ó fẹ́ sọ sí i, ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ẹ má bínú. Ó rẹ̀ mí ni."

Nígbà tí ère pé ọdún kan, alága ní kó bá èrò sọ̀rọ̀. Abibat gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wo ère náà.

"Ọwọ́ tí ẹ rí lókè yìí, kò gbéra mọ́ títí Bàbá fi kú. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé e, tí mo bá fẹ́ wọ̀ wọ́n láṣọ. Wọ́n á máa sunkún, èmi náà á máa sunkún. Nígbà míì wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbá mi. Mo fẹ́ràn wọn. Ó rẹ̀ mí."

 Ni gbogbo èrò bá pàtẹ́wọ́.

"Ewì nìyẹn!" Ọ̀gbẹ́ni Adémúyìwá pariwo. "Ọmọ akéwì ni lóòótọ́! A máa kọ ọ́ sára òkúta."

Abibat wò ó títí. Ó dá ẹ̀rọ padà fún un, kò bá wọn jẹun, ó lọ sílé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó di aṣọ díẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Òde-Omi, lọ́dọ̀ Hannah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ, tó ti fẹ́ apẹja síbẹ̀. Hannah ò béèrè ohunkóhun. Ó tẹ́ ẹní fún un sí yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, Abibat sì sùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Fóònù rẹ̀ tó ń dún ló jí i, Hannah ti bá a gbé e.

"Alága yín ni," Hannah sọ. "Wọ́n ní àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́la."

"Sọ fún wọn pé mi ò sí nílé."

"Ìgbà wo ni kí n ní o máa dé?"

Abibat kọjú sógiri. "Mi ò tíì mọ̀."

Hannah sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kó tó pa fóònù náà, Abibat ti tún sùn lọ.