Àkekèé Ẹ̀yìn Bùtá Ààfáà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́. Ìlobù ni mo wà, a ò tíì gba òmìnira nígbà náà. Òyìnbó kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa alántakùn àti àkekèé ló gbà mí pé kí n máa bá òun kó wọn jọ. Ẹ̀mú ni mo fi ń mú àkekèé nírù, ìgò ni mo fi ń dé alántakùn mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ wọ́n, ó di inú sípíríìtì, kí wọ́n má baà jẹrà. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ibi tí a ti rí wọn sórí bébà pélébé tó ń bá wọn gbé inú ìgò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàdáwà ni èmi fi kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àkekèé mi ti dà bí ẹni tí wọ́n rẹ láró.

Òórùn sípíríìtì yìí, tó dà bí ti ọtí, kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba ibi iṣẹ́ lọ sí Ìfọ́n láti tọrọ Sàfúrà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ààfáà ni bàbá náà. Ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ọtí lo mu wá kí mi?"

"Rárá o, Bàbá! Sípíríìtì ni, àkekèé ni mò ń fi í tọ́jú."

"Àkekèé ló mutí, ìwọ lò ń rùn? Dìde! N ò ní fọmọ fún ọ̀mùtí láéláé."

Ojú tì mí, bíi kílẹ̀ lanu. Mo ń gbọ́ ẹkún Sàfúrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tí Bàbá nawọ́ sí bùtá àlùwàlá rẹ̀. "Sùbúhánáláhì!" Àkekèé dúdú kan tó gùn ju ìka mi lọ ló jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́yìn bùtá. Gbogbo ilé fọ́n ká. Ẹ rò pé mo sá? Mo tún dọ̀bálẹ̀ ni, àkekèé ni mo dọ̀bálẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ wẹ́wẹ́ funfun kún ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí! Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀gá mi ti ń wá irú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú o! Ó pọn ọmọ!"

Mo yọ ẹ̀mú àti ìgò nínú àpò, mo rọra gbé e tọmọtọmọ sínú sípíríìtì, mo dé e pa. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́: Ìfọ́n, ẹ̀yìn bùtá Ààfáà.

Bàbá sún mọ́ mi. Ó gbóòórùn ìgò, ó wò mí.

"Èmi lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Òyìnbó á kà á?"

"Á kà á."

Ó tún láwàní rẹ̀ wé. "Lọ wẹ̀, kí o tó padà wá."

Lọ́jọ́ yìgì, nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí fa imú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló dìde: "Àna mi ò mutí o. Àkekèé ló ń mu ún!"

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Sàfúrà náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti fi sípíríìtì nu apá rẹ̀ kó tó gún un lábẹ́rẹ́, á bú sẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi kí wọ́n lọ wẹ̀."