Màmá tó dé fìlà ọkùnrin wá sí ṣọ́ọ̀ṣì

Mo rò pé gáùn tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Èkó ni gbogbo Ìkọ̀lé máa wò lónìí. Irọ́ ni!

A dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí màmá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́lẹ́kájà tó ti Ìpáò dé. Wọ́n ró kíjìpá àtijọ́, iyùn wà lọ́rùn wọn. Dípò gèlè, fìlà òyìnbó ti ọkùnrin ni wọ́n dé, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó bá wọn mu! Mi ò lè pa ẹnu dé.

Alàgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà dá wọn dúró.

"Màmá, ẹ ṣí fìlà. Ọkùnrin kì í dé e wọlé."

"Ṣé mo jọ ọkùnrin lójú rẹ ni?"

"Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n fìlà ọkùnrin ni."

"Ọkọ mi ló ni ín. Látìgbà tó ti kú, òun ni mo fi ń borí. Bí o bá ní kí n ṣí i, mo ń padà sí ulé."

Ni alàgbà bá yà fún wọn.

Wọ́n rọra gba àárín ìjọ kọjá, gbogbo orí sì ń yí tẹ̀ lé wọn.

Ta ló mọ ilé wọn ní Ìpáò? Mo fẹ́ lọ kí wọn.