Àdògán Mẹ́rin Abdulraheem

Abdulraheem Àkànbí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nígbà náà, ọmọ àwọn alágbẹ̀dẹ Pàkátà ní Ìlọrin, ni ó rọ àdògán tí ó yọ́ ìdí ìkòkò ìyàwó ara rẹ̀ ní ọdún 1989. Asabe, ìyàwó rẹ̀, a máa se wàrà tà ní Ipata. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá yé jókòó sínú èéfín, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Abdulraheem wá búra pé òun yóò rọ àdògán tí yóò yára, tí kò ní jẹ igi, tí kò sì ní rú èéfín. Èyí àkọ́kọ́ yára nítòótọ́: ìkòkò ti yọ́ kí wàrà tó mọ̀ pé òun wà lórí iná.

Lẹ́yìn náà, ó rọ èyí tí igi ẹyọ kan tó fún. Asabe gbé ìkòkò ka iná lẹ́yìn ìrun àsùbá. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ológbò ti sùn lọ fọnfọn lórí ìdérí.

"Igi kò tán, Bàbá Talatu," ni Asabe wí. "Sùúrù mi ni ó tán."

Àdògán ń pọ̀ sí i ní àgbàlá wọn ní Ṣàngó, títí wọ́n fi pé mọ́kànlá. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, tí kùrukùru bo ilẹ̀ bí ẹni pé àlá ni gbogbo ilé ń lá, ó dáná sí gbogbo wọn. Èyí tí òmíràn bá borí ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyára, igi àti èéfín, ó gbé e síta. Ó ku mẹ́rin.

Mọ̀múdù, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìtòsí, yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ọ̀gá nínú wọn?"

"Kò sí ọ̀gá. Bí o bá fi èyí sílẹ̀ gba ìyẹn, ohun kan á wọlé, ohun kan á jáde."

"Ẹ fi ọdún mẹ́ta lu irin, ẹ ò sì tíì mọ èyí tí ẹ máa mú?"

"Mẹ́rin péré ni n kò mọ̀ báyìí. Mọ́kànlá ni tẹ́lẹ̀."

Asabe jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú èyí tí ó lọ́ra díẹ̀, tí ó sì ń jẹ igi díẹ̀, ṣùgbọ́n tí èéfín rẹ̀ kò ju èémí ọmọ tí ó sùn lọ.

"Wàrà á máa pẹ́ dé ọjà," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ó pẹ́. Mò ń rí ojú yín láti ibí." Ó wò ó títí. "Ẹ mà ti darúgbó o, Bàbá Talatu. Èéfín ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀."

Láti ìgbà náà, òun ni ó ń dé Ipata kẹ́yìn, àwọn oníbàárà a sì dúró dè é. Nígbà tí Abdulraheem papò dà ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1997, Asabe wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; nígbà tí wọ́n sì ń gbé e jáde lọ sin, ó fi ojú ara rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.