Àwòrán Bàbá Onírúlà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tó lè ṣe kọ̀ǹpútà tí mi ò ní mọ ìdí ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní iléèwé gíga ni. Mo háyà yàrá kan ní Adégbayì, mo sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan tí kò jìnnà sí oríta. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà wọn àti wáyà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Báàgì dúdú kan kì í kúrò léjìká mi, mo sì máa ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn bíi dókítà tó ń yẹ aláìsàn wò.

Obìnrin ni ọ̀gá wa, ayàwòrán ilé tó gbọ́ṣẹ́ dáadáa, tí kì í sì í pariwo mọ́ èèyàn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ni bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá Onírúlà, torí rúlà onígi kan kì í kúrò níwájú wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́. Orí bébà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán, irun wọn sì ti ń funfun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà yà á. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n lò. Abúlé wọn ní ìhà Lágelú ni wọ́n ti ń gun ọ̀kadà wọn wá lójoojúmọ́, àwọn náà ni lèmọ́mù mọ́sáláṣí kékeré tó wà níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré kan dé sọ́wọ́ wa. Ẹ̀bá abúlé Bàbá ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n sì tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn sí iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á pè mí wá wo ibi tí àwọn aláboyún á jókòó sí, wọ́n á fi ìka tọ́ fèrèsé kan hàn mí, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ láti inú oko kòkó ló máa gba ibẹ̀ wọlé.

Kò pẹ́ tí àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Òfin ọ̀gá ni pé orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wa jọ ń lò, ni ká máa fi iṣẹ́ pamọ́ sí, kí ó má baà sọnù bí kọ̀ǹpútà ẹnì kan bá bàjẹ́. Bàbá á yàwòrán di ọ̀sán, wọ́n á ní kó wọlé sí sáfà, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí ibẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní sọ nǹkan kan rárá, gbogbo ẹ̀ á kàn pa dé. Bó bá di ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí i, ògiri tí wọ́n fà lánàá kò ní sí ńbẹ̀ mọ́.

Wọ́n pè mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ, mo fa ìlà kan, mo fi pamọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ní, “Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ o.”

“Kò ṣiṣẹ́ lánàá, ọmọ mi.”

Mo pààrọ̀ wáyà ìdí kọ̀ǹpútà wọn. Mo wò ó bóyá àyè sáfà ti kún, kò kún. Mo wò ó bóyá ẹlòmíì ló ṣí fáìlì náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo tiẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà mìíràn fún wọn. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ já sí pàbó, mo jókòó tì wọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́, èmi tí mi ò lè ya ilé adìyẹ. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi tán, wọ́n sì dúpẹ́.

Ọjọ́ tí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá fẹ́ wò ó ló wá burú. Ọ̀gá ṣí àwòrán náà níwájú wọn, apá ibi ìgbẹ̀bí ò sí ńbẹ̀. Funfun báláú ni. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ọ̀gá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Bàbá pé, “Bàbá, ṣé kò ti ń rẹ̀ yín báyìí? Ó lè jẹ́ pé ẹ rò pé ẹ ti yà á ni.”

Bàbá wo ojú kọ̀ǹpútà náà títí. “Mo yà á, màdáámù,” ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, “Àbí mi ò yà á ni?”

Bàbá ò padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ti fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá gbé iṣẹ́ Bàbá fún ọmọbìnrin kan nínú wa, ó sì kó lọ sídìí tábìlì wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ó figbe ta pé kọ̀ǹpútà lóun ò rí sáfà. Èmi náà rí i fúnra mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo tọ wáyà náà lọ láti ìdí tábìlì títí dé inú àjà, níbi tí àpótí kékeré kan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí apá ibẹ̀ wà lábẹ́ páànù. Mo fọwọ́ kàn án, mo yára fa ọwọ́ mi padà. Gbígbóná ló ń gbóná jù lọ́sàn-án tó fi ń dákẹ́. Tí ilẹ̀ bá tutù, á tún jí. Wáyà àwa tó kù ò gba inú ẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Bàbá. Mo gbé e wá sísàlẹ̀, ìyọnu náà sì parí.

Mo lọ ròyìn ẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ní, “Lọ bá mi bẹ Bàbá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀.”

Mo wọ mọ́tò dé Ẹgbẹ́dá, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Ìyàwó Bàbá ni mo kọ́kọ́ bá níwájú ilé, wọ́n ń sá láfún. Wọ́n ní Bàbá ò gun ọ̀kadà wọn mọ́, wọ́n ti fún ọmọ wọn. Bàbá ti ní kí ẹlòmíì máa ṣe lèmọ́mù, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ ṣi rákà ìrun kà. “Wọ́n ní orí àwọn ò pé mọ́,” ni ìyá wí. “Èmi ò rí nǹkan kan tó ṣe orí wọn.”

Bàbá jáde, wọ́n kí mi dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, àpótí inú àjà, oòrùn, páànù. Mo ní, “Ẹ yà á, Bàbá. Gbogbo ẹ̀ pátá lẹ yà. Ẹ̀rọ yẹn ni kò gbà á.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n bá wọn kí ọ̀gá, ṣùgbọ́n àwọn ò ní lè padà mọ́. Mo rò pé ọkàn wọn ti balẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́:

“Ṣé mo ti kírun àlàásárì?”

Ìyá ní, “Ẹ ti kí i. A jọ kí i ni.”

Ilé ìwòsàn náà ti wà níbẹ̀ báyìí, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà ibẹ̀. Àwòrán ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá ti kú ní tiwọn. Mo ti tún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà náà, mo sì ti mọ̀ pé a lè rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, ká sì tún un ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà má tíì tán síbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá sọ fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀ pé títí Bàbá fi lọ, kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí wọn kì í padà bi òun léèrè bóyá àwọn ti ṣe é.