Ìdọ̀bálẹ̀ Mi ní Cheetham Hill

Mo rántí ìgbà tí mo ṣì lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àgbàlagbà, tí àyà mi á kan ilẹ̀ gan-an. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bàbá tó bí mi l'Ábẹ́òkúta kò sì gba ìdọ̀bálẹ̀ aláàbọ̀. Nígbà tí mo dé Manchester, tí mo rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa owó tó jábọ́, ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín. Lójú ara mi, èmi nìkan ló kù tó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan nítòsí Stretford ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, àwọn páálí tí wọ́n tò ga jù wó lù mí, ẹ̀yìn mi sì bàjẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, síbẹ̀ mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀, bí mo sì ṣe sọ ọ́ fún dókítà nìyẹn: mi ò lè bẹ̀rẹ̀ rárá. Lọ́yà mi bá wọn fà á títí ilé-iṣẹ́ adójútòfò àwọn ọ̀gá mi fi gbà láti máa san owó gbà-máà-bínú fún mi lóṣooṣù, títí ẹjọ́ gan-an yóò fi wáyé. Owó yẹn la fi ń san owó ilé wa ní Gorton. Èyí tí ìyàwó mi ń rí nídìí títọ́jú àwọn arúgbó la fi ń jẹun, àwa àtàwọn ọmọ wa méjèèjì.

Bàbá kan wà ní Cheetham Hill. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Orí àga pálọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn títí mo fi ríṣẹ́. Bàbá ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé kí n tó ṣèṣe, ó sì pẹ́ kó tó padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ ra oúnjẹ ní Cheetham Hill, oògùn ìrora ṣì ń ṣiṣẹ́ lára mi, ni mo bá rí Bàbá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó ronú, àyà mi ti wà lórí simẹ́ńtì.

"Dìde, dìde, ọmọ mi," Bàbá ní. "Wọ́n ní o ṣèṣe. Ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé torí ẹ̀yìn ni mi ò ṣe ní kí yín?"

Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi nù, mo ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ló ń gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé Bàbá ló máa wá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn báyìí?" ló bi mí.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó kò wọlé. Lọ́yà mi pè mí pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti rán ẹnì kan tẹ̀ lé mi, pé inú mọ́tò lódìkejì títì ló ti ya fídíò mi. Wọ́n ní ẹni tó lè ṣubú lulẹ̀ kó sì dìde fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn. La bá gba kóòtù lọ, kí adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n máa sanwó náà lọ. Bàbá wọ ẹ̀wù òtútù dúdú rẹ̀, ó wá jókòó lẹ́yìn wa.

Wọ́n gbé fídíò náà sí i. Mo rí ara mi nílẹ̀, mo rí bí mo ṣe dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ibẹ̀ ni fídíò náà parí sí. Lọ́yà wọn, ọmọbìnrin kan tó mọ̀wà hù, rọra bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì:

"Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú yín?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ò lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni?"

Kí n bọ Bàbá lọ́wọ́? "Bàbá mi ni," ni mo sọ.

"Bàbá tó bí yín?"

"Rárá."

Kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Nígbà tí lọ́yà mi ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀, inú adájọ́ dùn sí àṣà wa. Ó tiẹ̀ béèrè bóyá àwọn obìnrin náà máa ń dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní fídíò ta ko ohun tí mo sọ fún dókítà, òun kò sì ní pàṣẹ owó kankan títí di ọjọ́ ẹjọ́ gan-an.

Níta, omi ń bọ́ lójú Bàbá. "Èmi ni mo gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ," ló ń sọ. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Mo dúró gbagidi bí òpó, mo ń wo àwọn mọ́tò tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ojú tì mí.

A ti kúrò nílé Gorton báyìí, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà, a ṣì ń retí ẹjọ́. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi àti Bàbá kò bára wa ṣẹjọ́ rí. Àmọ́ tí Bàbá bá rí mi lókèèrè ní Cheetham Hill, á fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, á sọdá sí òdìkejì títì, kí n má baà kí i. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Èmi náà á wá kọjú sí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan bí ẹni tó ń wo ọjà, títí Bàbá á fi rọra kọjá lọ.