A Ní Kí Wọ́n Wá Wò Wá Bí A Ṣe Ń Kọ́ni

Ọdún tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n tún ṣí ibodè Igolo, ní ìhà Faransé tó kọjú sí Ìdírókò, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn aláàárù ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ara sì ti ń tu àwọn oníṣòwò Ifangni díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí, mo ní aya, mo ní ọmọ, etí òsì mi kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo lè sọ.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n wá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún oyè kejì, wá bá wa láti fi kíláàsì wa dánra wò. Àdéhùn ni pé àwọn ọ̀gá wọn yóò máa wá, wọn yóò jókòó lẹ́yìn kíláàsì, wọn yóò wo bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ń kọ́ni, wọn yóò sì sọ ibi tó kù sí fún un. Ohun tí mo fojú rí yàtọ̀. Kíláàsì tí kò ní olùkọ́ ni wọ́n ń tì wọ́n sí. Kò sẹ́ni tó ń wá. Bí ọdún bá sì parí, gbogbo wọn á gba máàkì fún ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Wọ́n ti ka ìwé o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ọ̀tọ̀, kí èèyàn dúró níwájú ọmọ tó ń sọ Nàgó nílé, tó ń fi Faransé kàwé, tó sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Ìdírókò lẹ́nu àwọn oníṣòwò, ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Sévérin jáde ní kíláàsì, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù fún òógùn.

“Tọ́ńtọ̀n,” bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi Faransé pè mí, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, “mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni ń wo fíìmù.”

“Èdè wo lo fi ṣàlàyé?”

“Faransé ni.”

“Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?”

“Tí mo bá sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní gbọ́.”

“Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Mo ràn wọ́n lọ́wọ́ níwọ̀n tí mo lè ṣe, èmi náà ní kíláàsì tèmi. Philomène, ọmọ Kétu, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ló sọ ọ́ síta. Ó ní, “Tọ́ńtọ̀n, wọ́n á fún mi ní máàkì, mà á di tísà. Ọmọ tí mo bá kọ́ báyìí náà á di tísà. Ibo ló máa dúró sí?”

Wọ́n bá yanṣẹ́ lódì. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ kíláàsì títí ẹnìkan yóò fi wá wo àwọn. Wọ́n ya páálí, Philomène sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà, nítorí iṣẹ́ wọn nìyẹn: “We demand a teacher to watch us.” Wọ́n dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ tí yóò máa wò wọ́n ni wọ́n ń béèrè, ó ní, “Tísà ló tún ń wá tísà? Ẹ̀yin wọ̀nyí mà tún yàtọ̀.”

Sévérin bi í pé, “Ìwọ, ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀kadà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ṣé ẹ̀yìn rẹ ló jókòó sí nígbà tí o ń gùn ún, àbí ilé ló jókòó sí?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní wọ́n jàre.

Ní ọjọ́ kẹta, dirẹ́tọ̀ ilé-ìwé pe ọlọ́pàá. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí kí àwọn ọmọ ilé-ìwé má baà sáré jáde. Mi ò rí ẹni tó lù mí. Mo kàn gbọ́ ìró kan ní etí òsì, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan ní ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo mọ ibi tí mo wà, inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni, Philomène ń fi gèlè rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ọrùn mi. Àwa méjèèjì ni wọ́n kó.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́, ẹ ní láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa níhìn-ín máa ń ṣì lò. Ní Faransé, “demander” ni kí èèyàn tọrọ nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì, “demand”, jọ ọ́ ní kíkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó kò tọrọ: ó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ yìí títí ó fi sú mi.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ka páálí náà lójú dirẹ́tọ̀ tó tẹ̀ lé wa wá. “We demand. Nous demandons. Dirẹ́tọ̀, wọ́n ń tọrọ olùkọ́, ẹ wá ní kí n wá kó wọn?”

Dirẹ́tọ̀, tó ti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì rí, ní, “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Obìnrin yìí sì mọ ohun tó kọ.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Tísà, ìwọ ńkọ́?”

Mo ní, “Ọ̀gá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yẹn lò gan-an.” Òótọ́ ni. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ní, “Voilà. Àṣìṣe ni. Madame, sọ pé o ṣì í, kí o máa lọ sílé.”

Philomène ní, “Ẹ ṣé, ọ̀gá. Mi ò ṣì í. Tọ́ńtọ̀n yìí ló kọ́ mi. Tí mo bá ní mo ṣi ọ̀rọ̀ yẹn lò, irú tísà Gẹ̀ẹ́sì wo ni mo fẹ́ jẹ́?”

“Ilé mà ni mo ní kí o máa lọ.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá.” Ó sì jókòó síbẹ̀.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun sùn síbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ẹ̀rù sì mú kí àwọn yòókù padà sí kíláàsì.

Kí la rí gbà? Ọ̀gá kan láti yunifásítì wá lóòótọ́. Ó jókòó sí kíláàsì Sévérin títí di ìsinmi ráńpẹ́, ó sọ fún un pé lẹ́tà tó ń kọ sójú pátákó kéré jù, ó sì lọ. Kò tún sẹ́ni tó wá lẹ́yìn ìyẹn. Ní ti Philomène, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ oyè kejì náà. Dirẹ́tọ̀ pe gbogbo àwa olùkọ́ jọ, ó ní wọ́n yọ ọ́ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó, pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kékeré lò ní gbangba. Dirẹ́tọ̀ kan náà tó sọ ní àgọ́ pé ó mọ ohun tó kọ. A wo ara wa. A padà sí kíláàsì; ìpàdé olùkọ́ tí mo lọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ìdírókò ni Philomène wà báyìí. Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan. Ó pè mí láìpẹ́ yìí.

“Tọ́ńtọ̀n, ọ̀gá wa níhìn-ín kò gbọ́ Faransé rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó wò mí.”

“Ìyẹn dára.”

Ó wá bi mí pé, “Ṣé wọ́n ṣì ń sọ níbẹ̀ pé mo ṣì í?”

Mo ní wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n tún ń fi kọ́ àwọn tuntun tó ń dé, bí ẹni ń fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n.

Wọ́n jẹ ẹ́ ní oyè rẹ̀, èmi kò sì ní agbára láti gbà á fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tó kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e sára páálí ní Ifangni, ẹ sọ fún ẹni tó ń sọ ọ́ pé olùkọ́ tó kọ́ obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ yẹn sọ pé kò ṣì í.