Ìpè Inú Òjò

Ìbẹ̀rù ni mo fi ṣiṣẹ́ wáyà, iṣẹ́ gbígba ọ̀rọ̀ àti títẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí okùn, ní Ọ̀wọ̀. Àwọn tó ń rí mi rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí n dáhùn ìkíni lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéraga kọ́, etí ni mo ń tẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá dún "tá-tá", ó lè jẹ́ ìlú kan ló ń pè wá, ó sì lè jẹ́ mànàmáná lásán ló ń da okùn wáyà láàmú. Mo ti gba mànàmáná gbọ́ rí. Mo dáhùn, mo dá iṣẹ́ gbogbo dúró, ọ̀gá sì fún mi ní kúẹ́rì. Ó ní, "Kọ́kọ́ gbà pé kò sẹ́ni tó ń pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o gbọ́ àmì ọ́fíìsì wa kí o tó dáhùn." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyá kan láti Idasen nítòsí jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ọsibítù ní Bìní. Àdéhùn òun àti àwọn ará ọsibítù ni pé bí àìsàn náà bá le sí i, wọ́n á tẹ wáyà kó máa bọ̀. Bí wáyà ò bá dé, kó fọkàn balẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà tó ń lọ Bìní ti ń fọn fèrè níta, kò sì sí òmíràn lọ́jọ́ náà.

Mo gbọ́ àmì wa lẹ́ẹ̀kan. Ààrá sán. Ó tún dà bí ẹni pé mo gbọ́ ọ. Bí mo bá dáhùn tó sì jẹ́ mànàmáná, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́ tó sì jẹ́ Bìní ńkọ́? Mo dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò dé.

"Akọ̀wé, ṣé kò tíì sí?" Kì í ṣe ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀, Yorùbá tí wọ́n fi ń bá àwa àlejò sọ̀rọ̀ ló fi bi mí.

"Kò sí, Màmá."

Ó súre fún mi bíi pé èmi ni mo wo ọmọ náà sàn, ó sì gba ọ̀nà ilé. Ọkọ̀ náà gbéra.

Òjò dá, ẹ̀rọ sì pè ketekete. Bìní ni. Kí ìyá máa bọ̀ kíákíá. Akọ̀wé wáyà ti Bìní fi kún un pé òun ti pè nínú òjò, a ò dáhùn.

N kò dúró de ẹni tó ń pín wáyà. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Idasen. Ìyá náà ń bó ẹ̀gẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí wọ́n gbé àga wá, kó tó rí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Màmá."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ pé mo tètè wá.